Sí Ayọ̀mídé, Lórí Iṣẹ́ Eré Pípè àti Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Peckham,
Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀.

Ayọ̀mídé ọkọ mi,

Ìdúró bọ́ọ̀sì tó wà nítòsí ilé ìkàwé ni mo wà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ rẹ kọ́kọ́ yé mi. Èrò ti kún inú bọ́ọ̀sì bámúbámú, mo fẹ́ gbéra, ni kọ̀ntúrólà bá sọ̀rọ̀ nínú rédíò pé kí n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí pé bọ́ọ̀sì tó ṣáájú mi ò tíì jìnnà. Mo dúró. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ọkùnrin kan tó gbé àpò ìrẹsì lé itan ní, "Dírẹ́bà, ṣé o ti sùn lọ ni?" Obìnrin kan láti ẹ̀yìn dá a lóhùn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, iye ẹyẹlé tó wà níta ló ń kà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ọ́fíìsì kan tó ń wo gbogbo ọ̀nà lójú ẹ̀rọ, tó ń sọ fún mi ohun tí mo máa ṣe. Èmi tí ojú wọn rí ni wọ́n ń bú.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, tí ọwọ́ mi wà lórí sítíárì, tí mo sọ fún ara mi pé, áà, iṣẹ́ tí Ayọ̀mídé ń ṣe nìyí. Ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, tí ẹ ń pè ní kọ́tábáàkì, òun ni dírẹ́bà. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó mú bébà dání, tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú akoto tó dé, òun ni kọ̀ntúrólà. Òun ló ń pe eré: jù ú síwájú, gbé e sáré, ṣe bí ẹni tó fẹ́ sáré kí o tó jù ú. Odindi ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà nítorí rẹ, àwọn ènìyàn tó ń wó lu ara wọn ni mo kàn ń rí. Ọjọ́ yẹn ni ojú mi là.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí o má baà rò pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ nígbà tí mo gba máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa rìn dé ni n kò mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún rèé tí o ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan péré ránṣẹ́ sí mi: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè mí." N kò pè ọ́. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Ṣùgbọ́n o kò sọ pé kí n má kọ̀wé, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, màá sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ kó lè tètè dé. Mo sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá torí pé "sọ́rì" ti pọ̀ jù lẹ́nu mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nínú ọjà, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé sọ́rì. Ní Yorùbá, mo ní láti wá ọ̀rọ̀ kí n tó rí i, mo sì ní láti sọ ohun tí mo ṣe gan-an. Ìwọ tí Màmá, ìyá mi, tọ́ dàgbà, tí ẹ jọ ń ka Bíbélì láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, o gbọ́ èdè yìí jù mí lọ. Èmi ni mo fi ogún ọdún dá ìyá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, tí mo wá ń lọ sí kíláàsì ọjọ́ Sátidé báyìí pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ń pè mí ní "Àǹtí ẹ̀yìn kíláàsì." Ibi tí àmì ohùn mi bá ti ṣì, bá mi fojú fò ó.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́bọ̀ ni o pè mí. O ní kóòṣì àgbà ti pè ọ́ sí ọ́fíìsì, ó ní ìwọ ni wàá máa pe eré lọ́dún yìí, kì í ṣe Kóòṣì Hẹ́nrì mọ́. O ní wọn ò tíì sọ fún bàbá náà, pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí kóòṣì àgbà tó pè wọ́n jókòó. O ní, "Mọ́mì, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Mo ní, "Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Èmi náà sì mọ ohun tí Kóòṣì Hẹ́nrì jẹ́ sí ọ. Nígbà tí orúnkún rẹ já, tí bọ́ọ̀lù gbígbá tán fún ọ, tí mo ní kí o máa bọ̀ nílé, àwọn ni wọ́n fún ọ ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, tí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ya eré sórí bébà. Ìyàwó wọn ló ń se oúnjẹ Kérésìmesì fún ọ láti ọdún tí o ti dé ibẹ̀. Èmi kò tíì rí wọn rí, ṣùgbọ́n mo máa ń dárúkọ wọn nínú àdúrà.

Ọjọ́ Àìkú dé. O mọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta táyà. O mọ̀ pé lẹ́yìn orin ìyìn, wọ́n á ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí tò síwájú. Lójú àwa tiwa, ẹni tí Ọlọ́run ṣe oore fún tí kò jáde wá sọ ọ́, ṣe ló dà bí ẹni tó jí oore náà gbé. Mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún rẹ pé bí Ọlọ́run bá tún gbé ọ dúró, màá jó dé iwájú pẹpẹ. Ni mo bá jó. Nínú ọkàn mi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ni mò ń sọ fún. Àwọn tó jókòó kàn ń gbọ́ ni.

Mo gbàgbé kámẹ́rà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbé ìsìn wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi gan-an ni mo máa ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, mo sì gbàgbé.

Ohun tí mo sọ nìyí, mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún láti ọjọ́ yẹn: "Ẹ bá mi yin Olúwa. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́, ọmọ Peckham." Ìjọ hó yèè. Mọ́mì Pásítọ̀ dìde, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní tèmi ni èyí, tàwọn náà ń bọ̀.

Ayọ̀mídé, kì í ṣe àṣírí tí mo tú nìkan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo dúró níwájú Ọlọ́run, mo ń dúpẹ́ pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ọ padà, mo bi ara mi pé, ta ni obìnrin yìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà nínú ilé oúnjẹ gàréèjì wa, mò ń jẹ ìrẹsì, ni mo bá ṣí ojú ìwé àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ yín lórí fóònù. O kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wọlé, Dírẹ́bà Peckham ni orúkọ tí mo fún ara mi. Ọkùnrin kan tó fi àwòrán ajá rẹ̀ síbi tó yẹ kó fi ojú ara rẹ̀ sí ló máa ń ṣàlàyé nǹkan fún mi, tó ń pè mí ní màdáámù. Mo ti mọ gbogbo ìjà tó wà nílẹ̀. Ìdajì wọn ní Ámósì ló yẹ kó jẹ́ kọ́tábáàkì, torí pé ọwọ́ rẹ̀ le, ó lè ju bọ́ọ̀lù kọjá ibi tí ojú ń wò. Ìdajì yòókù ní Sílà ni, ọmọ tuntun yẹn, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kì í sì í jáyà. O ò rí i bí wọ́n ṣe ń jà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ẹnì kan ní Ámósì máa ń wo ibi tó fẹ́ jù ú sí bí ẹni tó ń wo obìnrin tó fẹ́ fẹ́, pé gbogbo pápá á ti mọ̀ kó tó jù ú. Ẹlòmíràn ní Sílà ò tíì mọ ìwé eré tán, pé ṣe ló máa ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Ìjà kejì ni ti ẹni tó yẹ kó máa pe eré. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Eré mẹ́ta péré ni Hẹ́nrì mọ̀: sáré sí àárín, sáré sí àárín, ẹ gbá a dànù." Ọkùnrin alájá ní, "Ajá mi ti mọ èyí tó kàn. Ó máa ń kọ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó ṣe é." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́ fún ọ, mo máa ń fi bàbá tó ń fún ọmọ mi lóúnjẹ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ rí lójú ìwé wọn ni gèlè mi.

Mo rò pé fóònù mi ló dàrú. Mo tẹ̀ ẹ́, ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi: ẹ bá mi yin Olúwa. Àwọn tí a jọ ń jẹun yíjú sí mi. Mo pa á. Mo tún ṣí i. Gèlè mi ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ti ẹgbẹ́ yín lẹ́yìn ló rí i, ó gé e, ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan kò bọ́. Sísàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ tiwọn.

"Òótọ́ ni nígbà náà. Wọ́n ti yọ arúgbó yẹn."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n? Láti Lọ́ńdọ̀nù? Ṣé kíríkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ máa pè fún wa ni?"

"Tó bá ti lè jẹ́ kí Sílà gba ẹ̀gbẹ́ sáré, kó ti ibi tó bá wù ú wá."

"Ẹ gbé bébà náà fún ìyá rẹ̀. Ó lágbára ju gbogbo wọn lọ."

Ọkùnrin alájá wá kọ̀wé sí èmi nìkan. Ó ní, "Màdáámù, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ ò sọ fún wa pé ọmọ yín ni."  Mo dojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì. Bí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́yìn ilé àwọn onítáyà ṣe sọdá òkun, tó wọ ìlú kékeré tí n kò lè fọwọ́ hàn lórí àwòrán ayé, tó sì dé etí bàbá náà kí ọ̀gá wọn tó pè wọ́n, títí di òní ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ó yẹ kó má yà mí lẹ́nu, torí pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. N kò sọ èyí fún ọ rí. Nígbà tí káńsù fẹ́ wó ilé wa ní North Peckham, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo gbọ́ tí Màmá ń sọ lórí fóònù pé ó ṣeé ṣe kí káńsù fún wa ní ilé tó ní ọgbà lẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe ni wọ́n sọ. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo ti sọ fún ènìyàn mẹ́rin pé a ti gba ilé. Àǹtí Ṣadé tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọ́n ti ń retí ilé ṣáájú wa, gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n wá bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ìyá Fúnkẹ́, ẹ ò lè sọ fún mi fúnra yín, àbí?" Ọdún mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn mú ọmọ bọ̀ láti ilé ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, tí ọ̀kan bá rí èkejì lórí afárá tó so àwọn ilé wa pọ̀, á padà. A rí ilé náà gbà níkẹyìn, pẹ̀lú ọgbà. Màmá ò gbin nǹkan kan síbẹ̀ rí.

Nítorí náà, ọmọ mi, èyí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí o mú: ẹni tí ìròyìn máa ká lára ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó yẹ kó sọ ọ́. Ìwọ náà máa tó dúró síbi tí mo dúró sí. Láìpẹ́, wàá ní láti sọ fún Ámósì tàbí Sílà pé kì í ṣe òun. Má jẹ́ kó kà á. Má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kà á. Àwa ìyá ń kà á, Ayọ̀mídé, o kò mọ bí a ṣe pọ̀ tó lójú ìwé yẹn tí a fi orúkọ mìíràn bojú. Pe ọmọ náà wọlé, ti ilẹ̀kùn, wò ó lójú, sọ ọ́. Má fi ìyìn gígùn bẹ̀rẹ̀, torí pé yóò ti mọ̀, ìyìn náà á sì máa korò lẹ́nu rẹ̀ títí ayé.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, pé ìbínú rẹ nìkan ló kù tí mo máa fara dà. Ó wá di ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Mò ń ṣa ata ní ọjà Rye Lane, fóònù dún, nọ́ńbà Amẹ́ríkà ni. Ìwọ ni mo rò pé ó jẹ́. Ohùn àgbàlagbà kan ni mo gbọ́, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, Hẹ́nrì ni."

N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Níwájú igbá ata, mo kúnlẹ̀ fún fóònù. Ẹni tó ń ta ata ní, "Àǹtí, ṣé nǹkan yín bọ́ sílẹ̀ ni?" Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Ẹ dìde, tó bá jẹ́ pé ẹ wà nílẹ̀." N kò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀. Bóyá ìwọ lo sọ fún wọn bí a ṣe ń ṣe.

Wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn ló fi fídíò náà hàn wọ́n níbi oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn ò ní parọ́, ó dun àwọn fún nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ìyàwó wọn ní kí wọ́n tún un wò, nítorí ijó yẹn. Wọ́n wá ní, "Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa gbé bébà yẹn sílẹ̀. Ojú mi ò ríran dé òdìkejì pápá mọ́. Ọmọ yín ló dúró tì mí, tó ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ó sọ fún yín?"

Mo ní rárá.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé kò ní sọ."

Ayọ̀mídé ọmọ mi! Ọdún kan gbáko ni o fi gbé àṣírí ojú bàbá yẹn, àwọn olólùfẹ́ ń bú u, ìwọ ń gbọ́, o pa ẹnu mọ́. Èmi gbé tìrẹ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Wọ́n wá sọ èyí tó mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ní o ti lọ bá kóòṣì àgbà, o ní o kò ṣe mọ́, kí Kóòṣì Hẹ́nrì máa pe eré wọn lọ. Wọ́n ní kóòṣì àgbà fún ọ di ọjọ́ Ẹtì yìí kí o mú ìdáhùn ìkẹyìn wá. Wọ́n ní tí o bá kọ̀, bébà náà ò ní padà sọ́dọ̀ àwọn, àjèjì ni wọ́n máa mú wá láti ìta, àjèjì náà á sì kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ wọlé, tí kò ní sí àga fún àwọn, tí kò sì ní sí fún ìwọ náà. Wọ́n ní, "Ó ń kọjá níwájú yàrá mi lójoojúmọ́, ó ń kí mi bí ẹni tó wá síbi òkú. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ni yín."

Mo ní, "Sà, ó ní kí n má tíì pe òun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Wọ́n ní, "Èmi gan-an, kì í gbé fóònù mi."

Àṣìṣe tí o fẹ́ ṣe yìí, mo ti ṣe é rí. Ìwọ ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àlàájì Sàlámì ló kọ́ mi ní ọ̀nà nígbà tí mo di dírẹ́bà. Aylesbury ni wọ́n ń gbé, wọ́n máa ń gbé dàbínù fún mi lásìkò ààwẹ̀, èmi tí mo jẹ́ onígbàgbọ́, wọ́n ní dírẹ́bà tí ebi ń pa máa ń tẹ bíréèkì jù. Ọdún kan, ọ̀gá gàréèjì pè mí, ó ní òun fẹ́ kí n di ẹni tó ń kọ́ àwọn dírẹ́bà tuntun. Iṣẹ́ tí Àlàájì ń ṣe ni. Mo wo ojú ọ̀gá náà, mo ní n kò lè ṣe é, pé Àlàájì wà níbẹ̀. Mo jáde, inú mi ń dùn sí ara mi, mo rò pé mo ti bọ̀wọ̀ fún àgbà. N kò sọ fún wọn.

Wọ́n mú ẹnì kan wá láti gàréèjì mìíràn. Ẹni náà ò mọ Àlàájì, kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ó kó iṣẹ́ ìdájí lé wọn lórí lójoojúmọ́. Ọdún ò parí tí wọ́n fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mo ṣe, a pàdé ní ìdúró bọ́ọ̀sì ní Walworth Road. Wọ́n ní, "Fúnkẹ́, ta ló ní kí o gbèjà mi?"

Mo ní, "Àlàájì, mo bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Ọ̀wọ̀ wo? O bọ̀wọ̀ fún mi, o wá gbé mi lé àlejò lọ́wọ́. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ní kí o gbà á, kí o máa fún mi ní iṣẹ́ ọ̀sán. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀." Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wọn. Wọn ò bínú, ìyẹn ló burú jù.

Má bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ kó mọ̀, Ayọ̀mídé. Lọ bá a, bi í léèrè. Èmi àti Màmá la kọ́ ọ pé kí o má wo àgbà lójú, kí o má jókòó tí wọn ò bá ní kí o jókòó. Mo ń gba ìyẹn padà fún ọjọ́ kan. Kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, kan ilẹ̀kùn bàbá yẹn, wọlé, jókòó sórí àga kí wọ́n tó sọ ọ́. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Bi wọ́n bóyá wọ́n á dúró tì ọ́ níbi pápá, bí ìwọ náà ṣe dúró tì wọ́n. Tí wọ́n bá ní kí o gbà á, gbà á. Ìtìjú tí o ń gbé kiri yẹn, tèmi ni. Dá a padà fún mi, mo mọ bí mo ṣe máa gbé e.

Ní ti àwọn olólùfẹ́, n kò ní sọ pé kí o má kà wọ́n, torí pé èmi gan-an ò lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé wọn ò kórìíra rẹ. Ọkùnrin alájá yẹn, ó wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń mú kó wẹ̀, kó wọ aṣọ tó dáa. Ẹni tó bá gbé ayọ̀ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ lọ́nà yẹn, ó máa pariwo tí o bá jù ú nù. Gbọ́ ariwo náà, má dáhùn. Tí wọ́n bá ń kọrin orúkọ Sílà, má torí ẹ̀ mú Sílà, má sì torí agídí mú Ámósì. Eré tí ọmọ tó wà lórí pápá lè ṣe ni kí o pè fún un, kì í ṣe èyí tí ò ń fẹ́ kó lè ṣe. Bí mo ṣe tọ́ ìwọ gan-an kọ́ nìyẹn, ó sì dùn mí. "Di dókítà" ni eré tí mò ń pè fún ọ láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún méje, títí Màmá fi ní, "Fúnkẹ́, wo ọmọ tó wà níwájú rẹ."

Jẹun kí o tó lọ sí pápá. Mo mọ̀ pé o kì í jẹun tí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èmi ni mo nílò ìmọ̀ràn lórí ẹ̀. Mo lọ bá Mọ́mì Pásítọ̀ lánàá, mo ní mo fẹ́ tún gba máìkì lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò tíì yẹ ní sísọ, pé mo fi ìpàdánù ẹlòmíràn ṣe ọpẹ́, àti pé bàbá tí mo pè ní àgbàlagbà yẹn ló sọ ọmọ mi di ènìyàn. Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo bú. Wọ́n ní, "Fúnkẹ́, a kì í gba ẹ̀rí padà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé o fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ ni?" Mo ní, "Mọ́mì, kì í ṣe ọ̀tá ló gbọ́ èkíní." Wọ́n ní kí n lọ gbàdúrà sí i.

Mo ti gbàdúrà. N kò rí ìdáhùn. Tí mo bá dákẹ́, ẹ̀rí burúkú yẹn á wà níbẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Tí mo bá sọ̀rọ̀, kámẹ́rà á gbé e, ẹnì kan á gé e, yóò sì dé ọ̀dọ̀ yín ní ọjọ́ kejì, bóyá kí o tó pe eré àkọ́kọ́ rẹ. N kò mọ èyí tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú méjèèjì, n kò sì fẹ́ fi ọgbọ́n orí mi pinnu mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé mi tí mo máa bi ọ́ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ rẹ níta. Kọ̀wé sí mi, kódà kó jẹ́ ìlà kan: ṣé kí n dìde, àbí kí n jókòó?

Mọ́mì rẹ,
Fúnkẹ́.